Gbèsè £60,000 àti Owó Oṣù Àkọ́kọ́: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Biochemistry

Lẹ́tà tó dé sọ́dọ̀ wa lórí Biochemistry, ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà inú ohun abẹ̀mí, lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Márùn-ún la mú: mẹ́rin lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan láti Abẹ́òkúta. Gbogbo iye tí a kọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà, Scotland àti Wales sì ní ètò tiwọn.

Ọmọkùnrin mi rí ààyè gbà láti ka Biochemistry ọdún mẹ́ta ní Leeds. Èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọ, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, owó mi lọ́dún ò sì tó £25,000. Mo ṣírò lóònù tó fẹ́ gbà, ó lé ní £60,000. Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n mi ní £26,000 ni wọ́n máa ń san fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pé kí ọmọ náà yáa lọ wáṣẹ́. Ṣé gbèsè ni kí ọmọ ọdún 18 fi bẹ̀rẹ̀ ayé ni? — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Peckham

Ìyá wa, ìṣirò yín péye. Owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ £9,535 lọ́dún. Lóònù ilé àti oúnjẹ fún ọmọ tí kò gbé lọ́dọ̀ òbí, tí kò kàwé ní London, tí owó tó ń wọ ilé wọn kò sì ju £25,000 lọ, jẹ́ £10,544. Àpapọ̀ rẹ̀ £20,079. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ £60,237. Bó bá jẹ́ pé yóò máa ti ilé yín lọ sí yunifásítì kan ní London, lóònù ilé àti oúnjẹ yóò wálẹ̀ sí £8,877, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jẹ́ £55,236. Ìyàtọ̀ rẹ̀ £5,001 péré. Ẹ má torí ìyẹn nìkan yan ilé-ẹ̀kọ́ fún un.

Ẹ̀rù tó bà yín, ẹ̀rù olówó èlé tí í kan ilẹ̀kùn ni. Lóònù yìí kì í kan ilẹ̀kùn. Plan 5 ni wọ́n ń pe ètò tí ó wà fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ yunifásítì láti August 2023, owó iṣẹ́ ni ó sì ń wò, kì í wo iye gbèsè. Agbanisíṣẹ́ yóò yọ 9% lórí ohun tó bá lé £25,000 lọ́dún, bó ṣe ń yọ owó-orí. Ẹni tó ń gba £26,000 tí ẹ̀gbọ́n yín dárúkọ yóò san £90 lọ́dún, ìyẹn £7.50 lóṣù. Ẹni tó ń gba £31,049, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ Band 5 (ìpele owó oṣù karùn-ún) ní NHS, ètò ìlera ìjọba, yóò san bíi £45 lóṣù. Ẹni tó ń gba £50,000 yóò san £187.50. Bó jẹ́ £20,000 ló yá, bó jẹ́ £60,000, iye kan náà ni wọn yóò máa yọ lóṣù. Ìgbà tí yóò parí ló yàtọ̀.

Ohun tí yóò dẹ́rù ba ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ìwé ọdọọdún tí yóò máa fi hàn pé gbèsè ń ga sí i. Èlé Plan 5 kò ju RPI lọ, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọjà ṣe ń wọ́n. Láti September 2025, 3.2% ni. Lórí £60,237, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí £1,928 lọ́dún. Kí ohun tí wọ́n ń yọ tó lè bo èlé yẹn, owó rẹ̀ lọ́dún gbọ́dọ̀ tó bíi £46,400. Iṣẹ́ láàbù kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà gbèsè yóò kọ́kọ́ máa sanra, bó ti wù kí ọmọ náà ṣiṣẹ́ tó, kò sì ní yí iye tí wọ́n ń yọ lóṣù padà.

A ò ní tàn yín o: 40 ọdún ni kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ẹni tó wọlé ní September 2025 tó jáde ní 2028, April 2029 ni yíyọ yóò bẹ̀rẹ̀, ìyókù yóò sì dòfo ní 2069. Àwọn tó wọlé láàárín 2012 sí July 2023, ọgbọ̀n ọdún ni tiwọn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà láàárín gbùngbùn yóò san án títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹ kà á sí owó-orí kejì.

Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ju £60,000 lọ ni ẹnu ọ̀nà tí dìgírì náà já sí. Láti April 2025 sí March 2026, owó tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin fún ẹni ọdún 21 sókè jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan. Wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52, jẹ́ £23,810. Band 3 ní NHS, níbi tí a ti ń rí ọmọ Biochemistry tó ń ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ láàbù, bẹ̀rẹ̀ láti £24,937. Ìyàtọ̀ wọn kò tó £1,130 lọ́dún, iṣẹ́ náà kò sì béèrè dìgírì rárá.

Kí ló ń há wọn síbẹ̀? Ìwé àṣẹ ni. Òfin ń ṣọ́ orúkọ "biomedical scientist", ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò aláìsàn ní láàbù. HCPC, àjọ tó ń forúkọ òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, gbọ́dọ̀ forúkọ ẹni sílẹ̀ kó tó jẹ́ ẹ. Dìgírì Biomedical Science tí IBMS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà, fọwọ́ sí ló lọ tààrà síbẹ̀, Biochemistry kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ti kà á tán yóò fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí IBMS kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn yóò ka kọ́ọ̀sì tó kù fún un, bíi ẹ̀kọ́ nípa àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́ nípa fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Àpò ara rẹ̀ ni yóò sábà fi san owó wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tún wá láàbù tí wọ́n fọwọ́ sí, níbi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ tí yóò sì kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú portfolio. Bó bá jẹ́ pé láàbù ilé ìwòsàn ló wà lọ́kàn ọmọ yín, kó bi ilé-ẹ̀kọ́ náà lónìí: ṣé IBMS fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yìí? Bí wọ́n bá ní rárá, kó béèrè bóyá òun lè bọ́ sí Biomedical Science kí ọdún kìíní tó bẹ̀rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ilé ìwòsàn ló ń wò, kó mú ẹ̀ka tó ní ọdún kan níbi iṣẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún yẹn kò gbọ́dọ̀ ju £1,905 lọ, ilé-iṣẹ́ sì sábà máa ń sanwó oṣù fún un. Ẹni tó ti fi ọdún kan lo HPLC, ẹ̀rọ tí í ya èròjà sọ́tọ̀, ní ilé-iṣẹ́ oògùn kì í bá ẹni tí ó kàn rí i lójú pátákó du iṣẹ́ kan náà. Ọ̀nà mìíràn ni Scientist Training Programme ti NHS: ọdún mẹ́ta, owó Band 6 tó bẹ̀rẹ̀ láti £38,682, wọ́n á tún bá èèyàn san owó máásítà. Ó le láti wọlé, 2:1 (second class upper) ni wọ́n ń béèrè, àyàfi tí ẹni tó ní 2:2 (second class lower) bá ti gba dìgírì mìíràn lé e. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́ ni iṣẹ́ olùkọ́: ọmọ Biochemistry lè kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni ní Chemistry, owó ìtìlẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún yẹn jẹ́ £29,000 láìsí owó-orí, olùkọ́ tuntun lẹ́yìn òde London sì ń bẹ̀rẹ̀ láti £32,916.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò burú tán. Kí ọmọ tó lọ wáṣẹ́ èyíkéyìí, kó wo degree apprenticeship ti Laboratory Scientist. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó tún ń san owó oṣù, dìgírì ló sì ń já sí. AstraZeneca àti GSK ti ń gba ọmọ báyìí. Ààyè ò pọ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń ṣí láti ìgbà ìwọ́wé títí wọ inú ọyẹ́. Ẹni tó bá dúró de èsì A-level ti pẹ́.

Ẹ̀yin gan-an ní iṣẹ́ kan láti ṣe. Òbí gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lórí Student Finance, níbi tí a ti ń béèrè lóònù náà, kó fi nọ́ńbà National Insurance rẹ̀ síbẹ̀, kó sì kọ owó tó wọlé fún un. Fún 2025/26, ọdún owó-orí 2023/24 ni wọ́n ń wò; bí owó yín bá ti fi 15% dín sí ìgbà náà, ẹ ní kí wọ́n lo ti ọdún lọ́ọ́lọ́ọ́. Àwọn òbí kan kì í fẹ́ kí ìjọba mọ iye tó ń wọlé fún wọn. Ọmọ wọn ló ń jìyà rẹ̀: £4,915 ni yóò rí gbà dípò £10,544. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìgbélùú ọmọ: ní gbogbogbòò, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélé ayérayé tàbí ìwé ọmọ ìlú, kó sì ti gbé ibí fún ọdún mẹ́ta kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó tẹ̀lé òbí wá pẹ̀lú físà kò ní rí lóònù gbà, àfi bí ó bá ti pẹ́ níbí dé ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀: ọdún méje fún ẹni tí kò tíì pé 18, ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ tàbí ogún ọdún fún ẹni tó ti pé.

Nígbà tó bá wá ń ṣiṣẹ́, kó máa wo ìwé owó oṣù rẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣírò, £2,083 sì ni ààlà rẹ̀. Bó bá ṣe àfikún wákàtí ní December tó gba £2,900, wọn yóò yọ £73 lóṣù yẹn, kódà bí àpapọ̀ ọdún rẹ̀ kò tó £25,000. Lẹ́yìn April, kó kọ̀wé sí Student Loans Company fún owó rẹ̀. Kò ní padà wá fúnra rẹ̀.

Mo ní £30,000 tí mo fi àjọ àti owó ilẹ̀ tí mo tà ní Ìkòròdù kó jọ. Ọmọbìnrin mi ń wọlé sí Biochemistry. Mùsùlùmí ni wá, a ò fẹ́ èlé. Ṣé kí n san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? — Alhaji, Milton Keynes

Alhaji, tó bá jẹ́ ti ẹ̀sìn, a ò ní bá yín jiyàn. Plan 5 ní èlé. Òfin 2017 ti fún ìjọba láṣẹ láti dá ètò tó bá Sharia mu sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí di 2025. Owó yín tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta, £28,605, bí wọn ò bá fi kún un. £1,395 ni yóò ṣẹ́ kù, ìyẹn ni pé ọmọ náà ní láti máa gbé ilé. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ lọ́dún ni ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà á, bí ọmọ bá sì yí kọ́ọ̀sì padà ní November, ẹ ò ní máa lé owó kiri.

Bó bá jẹ́ ti ìṣirò lásán, a ò ní san án. £30,000 lọ́wọ́ ni ìdá àkọ́kọ́ owó ilé fún un lọ́jọ́ iwájú. Lóònù yìí kì í hàn nínú ìwé ìtàn gbèsè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yọ lóṣù nìkan ni báǹkì tó ń yáni lówó ilé máa ń rò mọ́ ọn. Ó lè san gbèsè tì nígbàkúgbà láìsí ìtanràn, ṣùgbọ́n owó tí èèyàn bá fínnúfíndọ̀ san kì í padà. Ẹ ní àkókò láti rò ó: oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣì lè béèrè lóònù ọdún náà.

Mo wà ní ọdún kejì BSc Biochemistry, PhD ni mò ń lé. Wọ́n ní mo lè bọ́ sí MBiochem ọlọ́dún mẹ́rin, tí máásítà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n parí BSc, kí n gba lóònù máásítà lọ́tọ̀ torí ó kéré. — Ọmọ Manchester

Ó kéré lójú ni. Lóònù máásítà jẹ́ £12,858, òun ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́, òun náà ni yóò bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ máásítà sáyẹ́ǹsì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún kẹrin MBiochem yóò fi bíi £20,000 kún gbèsè rẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ Plan 5 kan náà ni yóò wà, nítorí náà 9% náà kò kúrò ní 9%. Máásítà tí o bá gba lóònù rẹ̀ lọ́tọ̀ ní yíyọ tirẹ̀: 6% lórí ohun tó bá lé £21,000, lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú 9% ti àkọ́kọ́, èlé rẹ̀ sì ni RPI pẹ̀lú 3%. Wo ẹni tó ń gba £31,049: ẹni tó ṣe MBiochem ń san bíi £45 lóṣù, ẹni tó yá méjì ń san bíi £95. Ní ọdún tí owó ṣì kéré, £50 lóṣù kì í ṣe àwàdà. Bọ́ sí MBiochem, kí o sì rí i dájú pé ilé-ẹ̀kọ́ fi ìyípadà náà ránṣẹ́ sí Student Finance kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀.

Má yáwó fún PhD Biochemistry. Èyí tí UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó fún ìwádìí, ń gbé kalẹ̀ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó tún ń fún èèyàn ní £20,780 ó kéré tán lọ́dún, láìsí owó-orí, wọn kì í sì yọ lóònù nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ka kan bá gbà ọ́ láìsí owó, ìdáhùn ni ìyẹn náà. Ohun tí PhD ń ná ọ ni owó iṣẹ́ tí o kò gbà: Band 5, lẹ́yìn owó-orí, National Insurance àti lóònù, ṣẹ́ ku bíi £25,330 kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì. £4,550 lọ́dún lo ń fi sílẹ̀, o kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì kankan tó ń jọ. Ọdún mẹ́rin ni.

Medical Laboratory Science ni mo fẹ́, Biochemistry ni wọ́n fún mi. Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi jẹ́ ₦150,000 lọ́dún. Ṣé kí n gba lóònù NELFUND? Mélòó ni n óò jẹ, ṣé owó oṣù mi á sì gbé e? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

Àbúrò wa, NELFUND, lóònù akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, kò ní èlé, kò sì béèrè oníduùró láti ìgbà tí òfin 2024 ti rọ́pò ti 2023. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, ₦20,000 ìgbọ́bùkátà oṣooṣù ń wọ àkáǹtì tìrẹ. Ká ní o gba ìgbọ́bùkátà oṣù mẹ́wàá lọ́dún: ₦200,000 àti ₦150,000 jẹ́ ₦350,000, ọdún mẹ́rin ₦1,400,000.

Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ 10% nínú owó oṣù rẹ. Pẹ̀lú ₦120,000 lóṣù, ₦12,000 ni, yóò gbà tó ọdún mẹ́wàá dín oṣù mẹ́ta. Pẹ̀lú ₦200,000, kò ní pé ọdún mẹ́fà. Níbí ni ó ti yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kò sí ààlà tí wọn kò ní yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lọ, ₦70,000, yóò fi ₦7,000 sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ lè fi ìwé ìbúra béèrè fún àfikún àkókò. Irọ́ nínú rẹ̀ sì ń mú ẹ̀wọ̀n wá. Ní tiwa, gbà á. Owó tí kò ní èlé ní ìlú tí ọjà ń wọ́n báyìí, ẹni tó yá a ló ń jèrè. JAMB, NIN, BVN àti nọ́ńbà matric rẹ gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan náà lẹ́tà sí lẹ́tà. "Adéọlá" níbì kan, "Déọlá" níbòmíràn, ó tó láti dá ọ dúró. Bí o bá ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ti NELFUND tó dé, tọ́jú rísíìtì, kí o sì tọ bursary lọ kíákíá fún ìdápadà rẹ̀.

Ti Biochemistry gan-an ni kí o ronú sí. MLSCN, àjọ tó ń fún òṣìṣẹ́ láàbù ìlera ní ìwé àṣẹ, kì í fún BSc Biochemistry ní ìwé àṣẹ. O kò lè fọwọ́ sí èsì àyẹ̀wò aláìsàn kankan. BMLS, dìgírì Medical Laboratory Science, jẹ́ ọdún márùn-ún, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ ohun tí o fẹ́ tọkàntọkàn nìyẹn, ọdún kìíní ni kí o gbìyànjú láti yí i padà, kì í ṣe ìgbà tó o bá dé 300 level. Bí o bá dúró, má lọ ṣe SIWES, ìkọ́ṣẹ́ àárín ẹ̀kọ́, ní láàbù ilé ìwòsàn, níbi tí wọn yóò ti ní kí o máa fọ ìgò. Lọ sí ẹ̀ka ìṣàyẹ̀wò ojúlówó ní ilé-iṣẹ́ ọtí, ohun mímu, ìyẹ̀fun tàbí oògùn. Ọ̀tà àti Ṣàgámù ò jìnnà sí ọ. Kọ́ bí a ṣe ń lo spectrophotometer, bí a ṣe ń ṣe titration láìṣì í, bí a ṣe ń kọ ìwé batch. Ohun tí wọ́n máa ń bi èèyàn lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ olùkọ́ náà wà, ṣùgbọ́n PGDE (ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni lẹ́yìn dìgírì) àti ìforúkọsílẹ̀ TRCN, àjọ àwọn olùkọ́, ló ṣí i.

BSc Biochemistry mi jáde ní second class upper. Mo fẹ́ yá owó ṣe máásítà ọlọ́dún kan ní England, £24,000, kí n wá fi owó iṣẹ́ ibẹ̀ san án. — Ilé-Ifẹ̀

A ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Lóònù ìjọba ibẹ̀ kò sí fún ọ, náírà lo máa yá, pẹ̀lú èlé, láti fi san pọ́n-ùn. Físà ẹni tó kàwé jáde tó jẹ́ ọdún méjì yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè láti January 2027. Kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó lè gbà ọ́ síṣẹ́ pẹ̀lú físà lẹ́yìn ìyẹn, owó tí wọ́n ń san fún ọ lọ́dún gbọ́dọ̀ tó £33,400 ó kéré tán, àní pẹ̀lú ẹ̀dínwó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. O ti rí owó ìbẹ̀rẹ̀ láàbù lókè.

Wo Amẹ́ríkà dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Biochemistry níbẹ̀ ń gba ẹni tó ní BSc nìkan sínú PhD, wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún un ní owó ìgbọ́bùkátà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ti ìlẹ̀kùn ní December. Ìwé mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n sábà ń béèrè, nítorí náà August ni kí o ti lọ bá alábòójútó project rẹ.